Ẹ Fi Ọmọ Tó Ń Tajà Sílẹ̀, Ẹ Bá Ọ̀gá Rẹ̀ Wí!

Bí ẹ bá wọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, tàbí ní Yábà l'Ékòó, ẹ óò rí àkọlé kan lára ògiri: "Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, a kì í dá owó padà." Abẹ́ àkọlé náà gan-an ni ọmọbìnrin tó ń tajà máa ń dúró sí. Ta ló kọ àkọlé yẹn? Ọ̀gá ni. Ta là ń bú nítorí rẹ̀? Ọmọbìnrin yẹn ni!

Ojú mi ló ṣe ní oṣù tó kọjá. Bàbá kan ra áyọ́ọ̀nù, kò gbóná rárá. Ó gbé e padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ̀gá wa ní a kò gbọdọ̀ gbà á." Ni Bàbá bá pariwo: "Olè ni ọ́! Olè ni ìyá tó bí ọ!" Ọ̀gá wà lókè nínú ọ́fíìsì, ó ń gbọ́, kò sọ̀ kalẹ̀. Àbí ẹ ò rí i bí? Ẹni a lè mú là ń lédìí mọ́.

Àwọn kan yóò ní oníbàárà lọba. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọba wo ló ń bá ìránṣẹ́ jà, tí ẹni tó rán an sì wà nítòsí? Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ọmọ wọ̀nyí kò mọ̀wà hù, pé fóònù ni wọ́n ń wò, pé wọ́n ń dáhùn bí ẹni tí a jí lójú oorun. Òótọ́ ni, àwọn bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìdí tí ọmọ tó mọ̀wà hù pàápàá fi ń bá yín ṣe agídí. Bí ìgò òróró bá fọ́, wọn á yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Bí owó kò bá pé nírọ̀lẹ́, wọn á yọ ọ́. Bó bá gba áyọ́ọ̀nù yẹn, òun ni yóò san án. Báwo ni yóò ṣe gbà á?

Bẹ́ẹ̀, òfin wà o! Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà láàárín àkókò tó bójú mu. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbà ju iye tí wọ́n kọ sára ọjà lọ. Àjọ FCCPC, tó ń mú òfin náà ṣẹ, ti kéde pé àkọlé "a kì í dá owó padà" lòdì sí òfin. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 náà kò gba ọ̀gá láyè láti máa yọ owó òṣìṣẹ́ bó ṣe wù ú. Àfi bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó jáfara, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ alákọsílẹ̀ lọ́wọ́ aṣojú ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọ̀gá mélòó ló gbà á rí?

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ tọ́jú rìsíìtì yín. Bí ọjà bá bàjẹ́, ẹ sọ fún ọmọ náà jẹ́jẹ́ pé, "Jọ̀ọ́, bá mi pe ọ̀gá rẹ wá." Bí kò bá wá, ẹ mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí FCCPC. Èébú kò dá owó ẹnikẹ́ni padà rí.

Ẹ̀yin ọlọ́ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin lẹ ń jẹ èrè. Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ wá dúró gba ẹ̀sùn. Ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe asà mọ́. Kẹ́ ẹ sì yọ àkọlé yẹn kúrò lára ògiri kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́!