Irin Inú Fìríìjì Kì Í Ṣe Irin Ààrò

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń yan ẹja, ààrò gáàsì tó gbó kì í ṣe ohun à ń jù nù. Ẹ ha ìpẹtà kúrò, kí ẹ fi omi ọṣẹ wo rọ́bà gáàsì bóyá ó ń jò.

Irin tí à ń to ẹja lé gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan ń yọ ti inú fìríìjì àlòkù. Àwa ò fara mọ́ ọn rárá! Ohun tí wọ́n fi bò ó lára kì í ṣe fún iná. Wáyà tí wọ́n fi síǹkì bò náà ńkọ́? Síǹkì a máa yọ́ ní 420 dígíríì, bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ èéfín rẹ̀ a máa fa ibà. Ṣé ọmọ wa kọ́ ni oníbàárà ni?

Sitéńlẹ́ẹ̀sì ló dáa jù, àmọ́ ó wọ́n. Bí owó ò bá ká a, kí wẹ́dà fi ródù lásán tí wọn ò kùn lọ́dà jó o. Ẹ fi òróró pa á lójoojúmọ́.