Wọ́n lé wọn kúrò lábẹ́ afárá: ibo ni kí wọ́n wá sùn?

Lọ́dún 2024, Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, Tokunbo Wahab, kéde pé ìjọba ti bá yàrá 86 lábẹ́ afárá Dolphin ní Ìkòyí. Wọ́n ti dá ibẹ̀ sí yàrá-yàrá, àwọn kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10, àwọn mìíràn 12 sí 10. Owó ilé ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe sọ, tó ₦250,000 lọ́dún. Wọ́n lé àwọn tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì wó gbogbo rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ṣe ìṣirò. Bí yàrá 86 bá ní ayálégbé, tí kálukú sì ń san ₦250,000, owó tó ń wọlé lábẹ́ afárá kan ṣoṣo lọ́dún jẹ́ mílíọ̀nù 21 àti ààbọ̀ náírà. Ẹni tó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe alágbe o. Òṣìṣẹ́ ni. Ó lówó díẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ owó náà kò ká ilé gidi.

Kí ló fà á? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá yàrá l'Ékòó rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ó san owó ilé ọdún kan, nígbà mìíràn ọdún méjì. Ẹ ó san owó àgírímẹ́ǹtì, ẹ ó san kọmíṣàn fún ejẹ́ńtì, àwọn onílé mìíràn á tún ní kẹ́ ẹ fi owó kan sílẹ̀ nítorí ohun tó lè bàjẹ́. Òfin Ayálégbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ní onílé kò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Mélòó nínú wa ló rí onílé tó tẹ̀ lé e? Ẹni tó ń ru ẹrù lọ́jà tàbí tó ń ta omi inú ọ̀rá, òòjọ́ ló ń jẹ. Bó bá tún lọ gba ilé sí ọ̀nà jíjìn, owó ọkọ̀ ni yóò gbé èrè rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni abẹ́ afárá tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ fi ń wu èèyàn.

Ká sòótọ́, ìjọba náà ní àwíjàre. Abẹ́ afárá kì í ṣe ibi tó yẹ kéèyàn máa dáná. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, iná tó ṣẹ́ yọ ní Àpọ́ńgbọ̀n ba afárá Èkó jẹ́ débi pé wọ́n ní láti tì í pa. Ewu náà kan gbogbo wa, títí kan àwọn tó ń sùn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà nínú ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

A ti gbìyànjú oríṣiríṣi. Ní ọdún 2013, ìjọba Èkó kó àwọn kan láti ìgboro lọ sí Onitsha. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà òṣèlú àti ti ẹ̀yà, Gómìnà ìgbà náà, Babatunde Fashola, sì tọrọ àforíjì nígbẹ̀yìn. Wọ́n tún máa ń kó àwọn mìíràn lọ sí ibùdó ìjọba ní Májídùn, n'Íkòròdú. Ṣùgbọ́n ibùdó kì í ṣe ilé. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀, tí kò sí yàrá tó ń dúró dè é, ìgboro náà ló ń padà sí.

Ní orílẹ̀-èdè Fínláǹdì, láti ọdún 2008, wọ́n yí ètò náà padà. Wọn kì í sọ pé kí ẹni tó ń sùn níta kọ́kọ́ wábi gba ìwòsàn, tàbí kó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọtí, kó tó rí ilé. Ilé ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún un, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti ìwé ayálégbé. Dókítà àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ á wá tẹ̀ lé e. Ní nǹkan bí ọdún 1987, àwọn tí kò nílé níbẹ̀ ju 15,000 lọ. Nígbà tó fi máa di 2022, wọn kò tó 4,000 mọ́. Nígbà tí ìjọba wọn wá gé owó ìrànwọ́ ilé kù, iye náà tún gòkè lọ́dún 2024. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn náà.

Ẹnì kan lè ní òyìnbó ló lówó irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró. Kò ti gbogbo aláìsàn ọpọlọ mọ́ ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ilé fún wọn ní àwọn abúlé tó yí Aró ká, ẹbí wọn ń bá wọn gbé, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣe pọ̀. Káàkiri àgbáyé ni wọ́n gbọ́ nípa ètò yìí. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, àwọn baba wa ti wí. Ẹni tí kò níbi àbọ̀, oògùn kì í ràn án.

Àwọn tó ń sùn níta kì í ṣe irú kan náà. Òṣìṣẹ́ tó ń san owó ilé lábẹ́ afárá nílò yàrá kékeré tí yóò máa san lóṣooṣù. Ìyá ọlọ́mọ nílò ibi tí ọmọ ti lè lọ síléèwé. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, tàbí tí ọpọlọ ń dà láàmú, ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbà sílé, kí nọ́ọ̀sì sì máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ààrẹ ti buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ láti oṣù kìíní ọdún 2023. Àkókò tó kí òfin náà kúrò lórí ìwé.

Àwọn kan á ní, "Bẹ́ ẹ bá fún wọn nílé, gbogbo ayé ló máa ya wọ Èkó." Ṣebí wọ́n ti ń wá tẹ́lẹ̀ láìsí ilé? Iṣẹ́ ló ń gbé wọn wá. Gómìnà Lateef Jakande kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú láàárín ọdún 1979 sí 1983, àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú wọn di òní. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí a kò ṣe rí.

Kí katakata tó dé, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ti dé ibẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ kálukú àti ohun tó nílò. Nígbà míì tí ìjọba bá sì kéde iye yàrá tí wọ́n wó, ẹ̀yin akọ̀ròyìn àti ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ jẹ́ ká béèrè ìbéèrè kan: nínú àwọn tí wọ́n lé, èèyàn mélòó ló sun inú ilé lálẹ́ ọjọ́ yẹn?