Lẹ́tà gbangba sí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú: Ẹ jẹ́ kí iná ojú títì mọ̀ pé rélùwéè ń bọ̀

Ọlọ́lá jùlọ,

Láti Ẹgàn, ní Alímọ̀ṣọ́, Èkó, ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Rélùwéè kò gba àdúgbò wa kọjá, ṣùgbọ́n èrò Ẹgàn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Aláùsá gbọ́dọ̀ sọdá irin rélùwéè lọ́nà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023. Rélùwéè kọlu bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yín ní PWD, Ṣógúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ti Ìsọlọ̀ lọ sí Aláùsá. Ó kéré tán, ẹ̀mí 6 ló bá a lọ, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Ẹ̀yin fúnra yín kéde ọ̀fọ̀ ọjọ́ 3. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù Kẹwàá, ni rélùwéè Red Line bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Agbádó dé Ọ̀yìngbò. Ẹ ti kọ́ afárá sórí irin níbi mélòó kan, a sì dúpẹ́, nítorí kò sí ohun tó dára tó afárá. Ibi tí afárá kò tíì dé ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ wò ó ní ìrọ̀lẹ́. Iná pupa oríta tó wà nítòsí irin dá ọkọ̀ iwájú dúró. Dánfó lẹ̀ mọ́ ọn, kọ̀rọ̀pẹ́ tún fún ara rẹ̀ sí àárín, àwọn tó wà lẹ́yìn ń tẹ fèrè, títí ìdí ọkọ̀ kan fi wà lórí irin gan-an. Bí rélùwéè bá fọn fèrè lásìkò yẹn, ibo ni awakọ̀ náà fẹ́ gbà? Ẹni tó di àsíá mú létí irin kò lè ṣí ọ̀nà fún un. Iná nìkan ló lè ṣe é.

Irú rẹ̀ ló pa akẹ́kọ̀ọ́ 7 ní Fox River Grove, ní Illinois, Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1995. Bọ́ọ̀sì iléèwé wọn dúró de iná, ìdí rẹ̀ sì yọ sórí irin. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti so iná yẹn pọ̀ mọ́ irin kí ó lè mọ̀ pé rélùwéè ń bọ̀ o! Àkókò tó fún ọkọ̀ láti kúrò ni kò tó.

Nítorí náà, Gómìnà, ẹ jẹ́ kí LAMATA (àjọ ìrìnnà Èkó), LASTMA (àjọ tó ń darí ọkọ̀ lójú títì Èkó) àti Nigerian Railway Corporation jókòó pọ̀. Bí rélùwéè bá ti ń bọ̀ lókèèrè, kí iná kọ́kọ́ tú àwọn tó wà lórí irin sílẹ̀, kí ó sì dá àwọn tó fẹ́ wọ̀ ọ́ dúró. Ojú títì ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ há, ni kí wọ́n ti wọn àkókò rẹ̀, kì í ṣe inú ọ́fíìsì. Ẹ fún wọn ní gbèdéke, kí ẹ sì kéde rẹ̀ fún gbogbo wa, kí a lè mọ ọjọ́ tí a ó béèrè.

Èmi ni tiyín,
Ará Ẹgàn