Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ Ohun Tó Kù fún Un: Ìkéde Àwa Olùdámọ̀ràn

Olùkọ́, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ẹ̀ka àti akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà ni àwa tí a fọwọ́ sí ìkéde yìí. Lára wa ni àwọn tí ẹ̀ka yàn ní level adviser, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń tò sẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo sáà. Ohun kan ló kó wa jọ. A fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá wọ yunifásítì lè rí, nígbà tó bá wù ú, gbogbo ohun tí oyè rẹ̀ ń béèrè, èyí tó ti ṣe nínú rẹ̀, àti èyí tó kù. A kò fẹ́ kó jẹ́ ọdún tó yẹ kó jáde ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Ohun tí ojú wa ń rí nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ ti parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, ó ti dúró níwájú àwọn olùkọ́ dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀, wọ́n ti kí i kú oríire, ìyá rẹ̀ sì ti ń sọ fún àwọn ará ilé. Orúkọ àwọn tí Sẹ́néètì fọwọ́ sí jáde, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó sáré lọ sí ẹ̀ka. Wọ́n ní kọ́ọ̀sì GST kan (ẹ̀kọ́ gbogbogbòò) kù, yúnìtì méjì péré, láti 100 level. Sáà kìn-ín-ní nìkan ni wọ́n ń kọ́ kọ́ọ̀sì náà, sáà kìn-ín-ní sì ti kọjá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹrù lọ sí àgọ́ agùnbánirọ̀ NYSC, òun padà sílé lọ ṣàlàyé. Bí ó bá ti ń sún mọ́ ọmọ 30 ọdún, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tó bá ti lé ní 30 ọdún lọ́jọ́ tó gboyè kò ní lè sin ilẹ̀ baba rẹ̀ mọ́. Ìwé ìdásílẹ̀ ni wọn yóò fún un.

Ẹ má wá ìkà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó fà á ni pé àkọsílẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo máa ń wà káàkiri. Èsì GST rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì GST. Èsì kọ́ọ̀sì MTH tó lọ gbà ní ẹ̀ka ìṣirò wà lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ó sì lè pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀ka tirẹ̀ ní fáìlì, fákọ́tì ní fáìlì, pọ́tàlì náà ní ohun tó mọ̀. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ gbé orúkọ lọ sí Sẹ́néètì ni ẹnì kan ń kó gbogbo rẹ̀ jọ fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Alájọ tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá lọ́jà ṣe ètò yìí dáadáa jù wá lọ. Ó máa ń fún oníkálùkù ní káàdì. Bó bá ti gba owó òní, ó ń sàmì sínú ìwé tirẹ̀, ó sì ń sàmì sí káàdì ẹni tó dá owó. Ìyá tí kò kàwé rárá mọ àmì tirẹ̀ kà, bí ọ̀kan bá sì dín, ojú ẹsẹ̀ ni yóò béèrè, kò ní dúró di ìparí oṣù. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni a ń béèrè fún akẹ́kọ̀ọ́: kí àmì wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kó sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀kọ́.

Irinṣẹ́ tó lè ṣe é ti wà lágbàáyé tipẹ́. Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni Miami University ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, ti ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní DARS. Ó ń gbé èsì akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òfin oyè, ó ń tọ́ka sí èyí tó ti bá òfin mu, ó sì ń ka èyí tó kù síta. Lónìí, Degree Works àti irú rẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀. Pọ́tàlì tiwa náà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó mọ ẹni tí kò tíì san owó ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ó bá lè mọ ẹni tó jẹ owó, ó lè mọ ẹni tó jẹ kọ́ọ̀sì, kó sì sọ fún un ní 100 level.

Ṣùgbọ́n kí a tó ra ètò kankan, ẹ jẹ́ ká kọ òfin wa sílẹ̀. Èyí ló ṣòro jù nínú gbogbo ohun tí a ń sọ, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù lójú wa. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, inú orí olórí ẹ̀ka (HOD) àti akọ̀wé tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni òfin wà. Ìwé ìlànà sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mú kọ́ọ̀sì àṣàyàn, kò sọ mélòó, kò sọ nínú àwọn wo. Ó ní kọ́ọ̀sì kan dúró lé òmíràn, kò sọ bóyá ẹni tó gba E nínú ti ìṣáájú lè tẹ̀ síwájú. Olùkọ́ kan fẹ̀yìn tì, kọ́ọ̀sì rẹ̀ kú, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé bí dandan. Kọ̀ǹpútà kò lè ṣírò irú òfin bẹ́ẹ̀. Àwa pàápàá kò lè ṣírò rẹ̀, ńṣe ni a ń bá akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tún un ṣe níbi tó bá ti dé bá a. Ẹ̀ka tó bá jókòó kọ òfin rẹ̀ ní kedere ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, bí kò tilẹ̀ ní ètò kọ̀ǹpútà kankan.

Òfin tó wà lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ni kí a máa fi ṣírò rẹ̀. A tẹnu mọ́ èyí nítorí àsìkò tí a wà. NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé ìlànà tuntun, CCMAS, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Nínú rẹ̀, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ NUC, yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì ń fi ìdá 30 kún un. Àwọn tó wọlé ṣáájú wà lábẹ́ BMAS, ìlànà àtijọ́. Ẹ wo ohun tó lè ti ibẹ̀ yọ: nínú ìwé BMAS, GST 112 ni Logic, Philosophy and Human Existence, nínú ìwé CCMAS, GST 112 ni Nigerian Peoples and Culture. Nọ́ńbà kan, kọ́ọ̀sì méjì. Ọmọ tó ní GST 112 ní carryover (kọ́ọ̀sì tó kùnà, tí yóò tún ṣe) láti ìlànà àtijọ́, tó tún forúkọ sílẹ̀ fún GST 112 tí wọ́n ń kọ́ nísinsìnyí, lè ṣe ìdánwò, kó yege, kí gbèsè rẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Kí irinṣẹ́ náà mọ ọdún tí ó wọlé. Bí ẹ̀ka bá sì fẹ́ gbé e kúrò lábẹ́ ìlànà kan sí òmíràn, kí wọ́n jẹ́ kó rí i lórí ìwé, kó fọwọ́ sí i.

Àwọn tó gba Direct Entry wọlé sí 200 level wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá jà jù. Wọ́n rò pé 100 level ti kọjá lórí wọn, nígbà tí GST ibẹ̀ ṣì ń dúró dè wọ́n. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kí wọ́n gbọ́.

Kíka ohun tó kù nìkan kò tó o. A fẹ́ irinṣẹ́ tí a lè fi wo iwájú. NUC ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe gba kọjá yúnìtì 24 ní sáà kan, kí ó má sì dín ní 15. Bí kọ́ọ̀sì ọdún rẹ̀ bá jẹ́ yúnìtì 21, tó tún ní carryover yúnìtì mẹ́fà, ó di 27, mẹ́ta gbọ́dọ̀ dúró. Èwo ni yóò fi sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fi èyí tó le jù sílẹ̀, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n. Èyí tó le jù sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí kọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta ọdún tó ń bọ̀ dúró lé. Ó fi í sílẹ̀ lónìí, ilẹ̀kùn mẹ́ta tì lọ́dún tó ń bọ̀, extra year ti bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é ní orúkọ yẹn. Ètò tó bá to gbogbo sáà tó kù kalẹ̀ yóò fi èyí hàn án kó tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti CGPA. Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní 3.30 lẹ́yìn yúnìtì 100, tí yúnìtì 40 kù fún un, tó sì fẹ́ Second Class Upper, tó bẹ̀rẹ̀ láti 3.50. Yúnìtì 140 lọ́nà 3.50 jẹ́ 490. Ó ti ní 330, 160 ló kù, yúnìtì 40 ni yóò sì fi wá a: 4.00, ìyẹn B nínú gbogbo kọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè mọ̀ lè ṣe é. Bí kò bá mọ̀, tó tún fi 3.30 yẹn kọjá nínú yúnìtì 20 sí i, 94 ni yóò máa wá nínú yúnìtì 20 tó gbẹ̀yìn. 4.70 nìyẹn, A nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ìṣirò tí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún ló ya ipò méjèèjì yìí sọ́tọ̀, ó sì dùn wá pé ọ̀pọ̀ ọmọ kì í rí ẹni bá wọn ṣe é títí ọjọ́ yóò fi lọ.

Irinṣẹ́ kò lè gba ipò olùdámọ̀ràn. Àwọn tó ń sọ pé kí a ra ètò, kí olùkọ́ lè bọ́ lọ́wọ́ àtimáa dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn, kò sí nínú ẹgbẹ́ wa. Georgia State University ní Atlanta bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní ọdún 2012. Kọ̀ǹpútà wọn ń wo àkọsílẹ̀ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́, ó sì ń wá àmì ewu tó lé ní 800. Ohun tí àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ kì í sábà sọ ni pé yunifásítì náà gba olùdámọ̀ràn tuntun tó lé ní 40 sí i. Kọ̀ǹpútà rí ewu, ènìyàn ló pe ọmọ náà. Bí ọmọ kan bá sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó, mi ò fẹ́ kí bàbá mi gbọ́,” kò sí àmì kankan nínú ètò tó lè dá a lóhùn. Ó lè jẹ́ àìsàn ló mú un fìdí rẹmi, ó lè jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ tó fi ń san owó ilé. Nítorí náà, a ń béèrè pé kí yunifásítì ka ìmọ̀ràn sí iṣẹ́ gidi, kí wọ́n dín iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ ẹnì kan kù, kí wọ́n sì kà á mọ́ ọn nígbà ìgbéga.

A kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi irinṣẹ́ yìí lé ọmọ jáde. Ní yunifásítì Mount St. Mary's ní Maryland, wọ́n tú àṣírí pé ọ̀gá ibẹ̀ fẹ́ fi ìbéèrè tí wọ́n fún àwọn ọmọ tuntun ṣe àwárí àwọn tó lè kùnà, kí wọ́n lè rọ̀ wọ́n láti tètè lọ, kí iye àwọn tó dúró lè dára lójú ayé. Ọ̀gá náà kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2016. A mọ̀ pé irú ìdẹwò bẹ́ẹ̀ lè dé bá ilé-ẹ̀kọ́ wa náà. Kí àmì ewu jẹ́ ìdí láti ranni lọ́wọ́ nìkan.

Èsì akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́. Òfin ààbò dátà ilẹ̀ wa ti wà láti ọdún 2023, nítorí náà kí a yé lẹ èsì mọ́ ara ògiri.

Kí irinṣẹ́ náà ṣí lórí fóònù kékeré, kí ó má jẹ dátà, kí ó ṣeé tẹ̀ jáde lórí ìwé. Kí ó sì lè yí nígbà tí kàlẹ́ńdà bá yí. Ẹni tó wà ní yunifásítì láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀, mọ ìdí rẹ̀.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí náà gba ẹrù tiwa. A ó máa yẹ àkọsílẹ̀ wa wò ní gbogbo sáà. A kò ní fi ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ láti bá wa ṣe. Bí a bá rí àṣìṣe, a ó sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí a rí i.

A kò ní dúró de owó. Ní ìforúkọsílẹ̀ tó ń bọ̀, olùdámọ̀ràn kọ̀ọ̀kan nínú wa yóò ṣe ìwé kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan: gbogbo kọ́ọ̀sì tí oyè rẹ̀ ń béèrè, àyè fún èsì, àyè fún sáà tí yóò ṣe é. Ẹ̀dà méjì ni yóò jẹ́, ọ̀kan lọ́wọ́ wa, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì jọ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá mọ Excel yóò ṣe é níbẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò fi bírò àti rúlà ṣe é. Ẹ̀ka tó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa, kí ó kọ́kọ́ gbé ìwé ìlànà rẹ̀ fún ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ 100 level, kí ó ní kó kọ gbogbo kọ́ọ̀sì tí yóò ṣe títí yóò fi jáde. Ibi tí kò bá ti yé ọmọ náà, kí ẹ̀ka tún ibẹ̀ kọ kí ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.