Nọ́mbà Ọkọ̀ Náà Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ti oṣù yìí kò jẹ mọ́ ìdáná tàbí aṣọ rírán, síbẹ̀ ó kan ìkòkò ọbẹ̀ yín gidigidi.

Obìnrin kan wà tí ó ń ta ẹja yìnyín ní Bọ́ńdárì, ní Ajégúnlẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó ra ẹja rẹ̀ ní Ìjọra, ó sì wọ tasí lọ sí ìsọ̀. Kí wọ́n tó yà sí Málù Road ni awakọ̀ forí ọkọ̀ sọ ìdí tírélà kan tí ó dúró sí ẹ̀bá títì, apá ọ̀tún obìnrin náà sì ṣẹ́. Nígbà tí ó yá, ẹni tí ó ni tasí náà mú owó díẹ̀ wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, awakọ̀ dọ̀bálẹ̀, ọkọ obìnrin náà sì fọwọ́ sí ìwé pé ìjà ti parí. Ní oṣù kẹta, owó ti tán, apá náà kò sì lè gbé ọ̀bẹ tí a fi ń gé ẹja. Mo bi í léèrè pé, nọ́mbà ọkọ̀ náà ńkọ́? Ó ní, "Àǹtí mi, ta ni yóò wo nọ́mbà nínú ìrora?"

Àánú awakọ̀ ni ó ṣe ọkọ rẹ̀. Ó ní tálákà ni òun náà, àti pé kí a máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bá a lọ. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé kì í ṣe inú àpò awakọ̀ ni ó yẹ kí owó gbà-má-bínú ti jáde. Láti inú òfin tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1945 ni ó ti di ọ̀ranyàn pé kí ọkọ̀ tí yóò rin títì ní ìwé ìdójútòfò, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní ínṣọ́ránsì, nítorí ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe. Òfin tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 kò mú ọ̀ranyàn náà kúrò. Ilé iṣẹ́ tí ó gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó yẹ kí ó san án. Nítorí náà, ẹ lè ṣàánú awakọ̀ kí ẹ sì tún béèrè ẹ̀tọ́ yín.

Nọ́mbà ara ọkọ̀ ni ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni a fi ń mọ ẹni tí ó ni ọkọ̀; òun náà ni a ń tẹ̀ sí ojú ìwé ẹgbẹ́ àwọn adójútòfò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni ìwé ọkọ̀ náà tàbí ayédèrú. Ẹ tilẹ̀ máa wo àwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wọlé: pupa ni lẹ́tà nọ́mbà ọkọ̀ èrò, búlúù ni ti ọkọ̀ ara ẹni. Bí kàbúkàbú tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ búlúù bá gbé yín ṣubú, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè jiyàn pé ìwé tí ẹni náà rà kì í ṣe ti ẹni tí ń kó èrò. Mo mọ̀ pé bí òjò bá ń rọ̀, tí ọmọ sì wà lẹ́yìn ẹni, a kì í ṣa ọkọ̀ yàn.

Nọ́mbà ọkọ̀ kejì ńkọ́? Ní January 29, 2023, kọ̀nténà já láti orí tírélà lórí afárá Ojúẹlẹ́gba, ó bọ́ lé bọ́ọ̀sì akérò tí ó wà nísàlẹ̀. Ènìyàn 9 ni ó kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ní irú èyí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kọ́ ni a óò dá lẹ́bi. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá tírélà pín títì ní Àpápá lójoojúmọ́, ẹ kọ nọ́mbà méjèèjì.

Ìtọ́jú ara ni ó ṣáájú ohun gbogbo. Ẹ pe 767 tàbí 112. Òfin ètò ìlera ti 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láàyè láti kọ ẹni tí ó wà nínú ewu nítorí owó. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ni ó wà fún ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn baba tí ń to eegun, ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán eegun náà ní ilé ìwòsàn, kí dókítà sì kọ ìwé. Ilé ẹjọ́ kò lè gbọ́ ohùn ìrora. Ìwé ni yóò kà.

Ibí yìí ni ìwé ìnáwó tí mo máa ń tẹnu mọ́ ti wúlò jù lọ. Ẹ kọ owó tasí lọ sí ilé ìwòsàn, owó oògùn, owó ọmọbìnrin tí ó bá yín fọ aṣọ, àti èrè ọjà tí ẹ kò lè pa. Ẹ so rìsíìtì gbogbo pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ má jẹ́ kí owó agbẹjọ́rò dẹ́rù bà yín. Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976, ń gba ẹjọ́ jàǹbá ọkọ̀ rò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ, èyí tí ó di ₦70,000 ní 2024. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní Office of the Public Defender, tí kì í gba owó lọ́wọ́ aláìní. Ẹ lọ ní kíákíá, nítorí bí ọdún 3 bá kọjá lẹ́yìn jàǹbá, òfin Èkó ti sé ilẹ̀kùn ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé ìparí ìjà kankan kí agbẹjọ́rò tó kà á.

Ìyá ẹlẹ́ja wa ti lọ. A rí nọ́mbà tasí náà nínú ìwé àgọ́ ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò sì ń yẹ ìwé tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí wò. Ó ti ra ìwé ìnáwó, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 11 ni ó ń bá a kọ ọ́ ní alaalẹ́, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni ìyá fi ń kọ̀wé.