Ẹ Béèrè Ìran Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Ìyá kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ní Abidjan ní kí n bá àwọn lọ sí Adjamé Roxy ní Sátidé tó kọjá. Ọmọ Èjìgbò ni wọ́n, bíi ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣòwò nílùú yìí. Ọmọkùnrin wọn yege ìdánwò bac, ó ń lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní yunifásítì, owó àjọ tí màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni wọ́n sì fẹ́ fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún un. Ẹni tó bá gbọ́ Roxy, oògùn ojú pópó ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni àwa bá lọ.

Ọlọ́jà gbé méjì síwájú wa. Àlẹ̀mọ́ i7 wà lára ọ̀kan, i5 wà lára èkejì, iye kan náà ló pè wọ́n. Kí n tó lanu, màmá ti nawọ́ sí i7.

“Akọ̀wé, ṣebí méje ju márùn-ún lọ?”

“Ó jù ú lọ, màmá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ìran rẹ̀.”

Prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ti ilé iṣẹ́ Intel la sábà máa ń rí. i3, i5 àti i7 kì í sọ ọjọ́ orí. Ipò láàárín àwọn tó jọ jẹ́ ìran kan náà ni wọ́n ń sọ. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ìran. i7-7500U: 7 ló ṣáájú, ìran keje ni. i5-8250U: ìran kẹjọ, tó jáde ní 2017. Bó bá jẹ́ 1 ló ṣáájú, ẹ ka nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ pọ̀: i5-10210U jẹ́ ìran kẹwàá, i5-1135G7 jẹ́ ìran kọkànlá.

Ẹ wá fi prósẹ́sọ̀ wé ìsọ̀ aránṣọ. Àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní core, tí Faransé ń pè ní cœur. Aránṣọ méjì péré ló wà nínú i7-7500U. Mẹ́rin ló wà nínú i5-8250U. GHz ni ìyára ọwọ́ wọn: i7 yẹn lè dé 3.5, i5 lè dé 3.4. Ìyẹn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣí Excel, tó ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, tó tún ń wo olùkọ́ lórí fídíò, ọwọ́ mẹ́rin ló máa rí iṣẹ́ náà pín.

Ti Windows tún wà ńbẹ̀. Microsoft parí ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, 2025. Láti ìran kẹjọ ni wọ́n ti ń gba Intel fún Windows 11, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje, i7-7500U kò sì sí lára wọn. Àwọn kan máa ń fi ipá gbé e sórí èyí tó ti dàgbà. Ó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ Microsoft kò ṣèlérí pé àtúnṣe á máa dé bá a.

Lẹ́tà U ìparí yẹn túmọ̀ sí pé kì í jẹ bátìrì púpọ̀. H lágbára jù ú lọ, ó sì ń gbóná. U tó ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò owó. Bó bá jẹ́ Ryzen ti AMD lẹ rí, ẹ wò ó láti 3000 lọ sókè. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí fẹ́ràn ohun tó ṣì wà nínú páálí, ṣùgbọ́n Celeron N4020 tuntun, òṣìṣẹ́ méjì ló ní, ọwọ́ wọn kò sì yá. Èmi á mú i5 tòkunbọ̀ yẹn.

Ẹ má sì gba àlẹ̀mọ́ gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ wá wo Performance. Orúkọ prósẹ́sọ̀ náà á hàn gbangba. Bẹ́ẹ̀ la ṣe, i7-7500U ló jáde lójú ọ̀kan, i5-8250U lójú èkejì. Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tantie, ọmọ yín yìí mọ̀ ọ́n o.”

Àbùkù i5 náà ni pé RAM rẹ̀ kò ju 4 GB lọ, ti i7 sì jẹ́ 8. Màmá wò mí. Mo sọ fún wọn pé wọ́n jó prósẹ́sọ̀ irú èyí mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ ni, kò ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n a ní kí wọ́n ṣí ìdí i5, a sì rí àyè RAM kan tó ṣófo. Màmá nájà díẹ̀, wọ́n sanwó. Nígbà tí àjọ bá tún kàn wọ́n, wọ́n á ra 4 GB kún un.