Ta Ló Ní Bọ́ọ̀lù Kì Í Ṣe Eré Obìnrin?

Ẹ̀yin ará Ìkọ̀tún, ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ́dà àti Ìgàndò, ẹ̀yin bàbá àti ìyá tó lọ́mọbìnrin nílé, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu gbogbo wa tí a kì í yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà ni pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe eré obìnrin. Wọ́n á ní ara obìnrin kò gbà á, wọ́n á ní kò ní rọ́mọ bí, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó fẹ́ wò ó. Irọ́ ni, mo sì mọ ibi tí irọ́ náà ti ń wá.

Ẹ rìn wọ àdúgbò èyíkéyìí ní Alímọ̀ṣọ́ nírọ̀lẹ́ Sátidé. Àwọn ọmọkùnrin á ti to òkúta méjì-méjì ṣojú góòlù sáàárín títì, wọ́n á ti pín ara wọn sí sẹ́ẹ̀tì, sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá nà á bọ́ sílẹ̀ fún òmíràn. Àwọn ọmọbìnrin ojúgbà wọn ńkọ́? Ọ̀kan ń pọnmi, ọ̀kan pọn àbúrò sẹ́yìn, ọ̀kan gbé píọ̀ wọ́tà lérí ní ibùdókọ̀ Ìkọ̀tún. Bí wọ́n bá dàgbà tán, a ó wá ní wọn ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ìgbà wo ni wọ́n ráyè kọ́ ọ? Àkókò la gbà lọ́wọ́ wọn. A kò fìgbà kan wò ó bóyá wọ́n lágbára ẹ̀ tàbí wọn ò ní.

Àwọn òyìnbó tó gbé bọ́ọ̀lù wá bá wa ti ṣe irú ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1920, ẹgbẹ́ Dick, Kerr Ladies, àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan, gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Goodison Park ní Liverpool. Èrò bí 53,000 ló wá wò wọ́n. Ọdún kò tíì yípo tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣòfin, ní ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, 1921, pé kí ẹgbẹ́ kankan má fi pápá rẹ̀ sílẹ̀ fún obìnrin mọ́. Wọ́n ní eré náà kò yẹ wọ́n. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún lòfin yẹn fi múlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i: àìsí èrò kọ́ ló fà á, èrò wá rẹpẹtẹ. Wọ́n ti obìnrin mọ́ta, nígbà tó sì pẹ́, àwọn èèyàn ní àwọn ò rí obìnrin nínú pápá.

Nílé wa ńkọ́? Ife àgbáyé àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n ti gbá a títí di 2023, kò sí ọ̀kan tí Super Falcons, ikọ̀ àwọn obìnrin wa, kò lọ. Super Eagles, ikọ̀ àwọn ọkùnrin, kò rí ti 2006 lọ, wọn ò rí ti 2022 lọ. Ife ilẹ̀ Áfíríkà mẹ́ta làwọn ọkùnrin wa ti gbà: 1980, 1994 àti 2013. Àwọn obìnrin gba ìkẹwàá tiwọn ní Rabat lóṣù Keje 2025. Morocco ti fi góòlù méjì ṣáájú lójú àwọn ará ilé wọn, kí àwọn ọmọ wa tó dá mẹ́ta padà. Rasheedat Ajibade ni kápútẹ́nì wọn, ọmọ Mushin tó wà nítòsí wa níbí. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹnì kan ṣoṣo tó sì ti dá wúrà Òlíńpíìkì gbà fún Nàìjíríà ni Chioma Ajunwa, obìnrin ọlọ́pàá tó fò jìnnà jù ní Atlanta ní 1996. Òun náà ti wà lára ikọ̀ Falcons rí.

Ti pé kò ní rọ́mọ bí: Shelly-Ann Fraser-Pryce ti Jàmáíkà bímọ ní 2017, ó padà wá gba wúrà eré ìje 100 mítà lágbàáyé ní 2019. Ti àwọn tó ní híjáàbù kò jẹ́ kí ọmọbìnrin Mùsùlùmí gbá bọ́ọ̀lù: FIFA ti fàyè gbà á láti 2014, Nouhaila Benzina ti Morocco sì wọ̀ ọ́ gbá ife àgbáyé 2023.

Àwọn kan á gbà pé obìnrin mọ̀ ọ́n gbá, wọ́n á wá ní kò lówó lórí. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ojú wọn rí kí wọ́n tó gba owó tó tọ́ sí wọn. Ní 2016, lẹ́yìn tí Falcons gba ife ní Kamẹrúùnù, wọ́n kọ̀ láti kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì wọn l'Ábùjá, bí ológò ṣe ń jókòó ti onígbèsè, wọ́n sì wọ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí wọ́n lè rí àjẹmọ́nú wọn gbà. Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ ní South Africa ní 2004. Ààrẹ Tinubu ṣèlérí 100,000 dọ́là àti ilé fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní 2025, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn nìyẹn. Ẹ̀tọ́ lohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀rù kan wà tí mi ò ní fojú tínrín: òbí ń bẹ̀rù kóòṣì tó lè fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀. Ó tọ́ kó bẹ̀rù. Kí obìnrin àgbà kan máa jókòó ti pápá, kí kóòṣì má dá wà pẹ̀lú ọmọ, kí a sì fa ẹni tó bá dán an wò fún ọlọ́pàá. Àmọ́ jáwójáwó wà lọ́jà Ìkọ̀tún, a ò torí ẹ̀ ní kí ìyá wa má nájà.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pápá tí wọ́n ń háyà ní wákàtí, ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá, mo bẹ̀ yín: ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ fi pápá sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin nìkan. Ẹ̀yin òbí, lọ́jọ́ méjì yẹn, ẹ rán ọmọkùnrin lọ pọnmi.